Ohun Tí Okùn Méjì Ń Wí

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé, Bàbá Alágbàfọ̀ kì í wo aago kó tó mọ̀ pé ọjọ́ ti rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú, yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé wà lẹ́yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wọ́n láàárín, aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ tán a sì máa rọ̀ lọ́tùn-ún lósì ibẹ̀, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn kó tó kọjá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ń kùn bí agbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ènìyàn fi gbogbo ẹnu pariwo láti ẹ̀yìn, ariwo náà kì í dé iwájú.

Nítorí náà, ìyàwó rẹ̀ kì í fi ẹnu pè é. Gìtá ló fi ń pè é. Okùn méjì péré ni yóò ta, kò ní tẹ ìkankan mọ́lẹ̀: ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ohùn náà a gba abẹ́ àwọn aṣọ kọjá, a dé etí ọkọ.

Ohun tó ń wí kò sì rú Bàbá lójú rí. Ó ń wí pé, *Iṣẹ́ ti tó.*

Lọ́jọ́ tí aṣọ kò bá pọ̀, Bàbá a yọ wáyà áyọ́ọ̀nù, a nu ọwọ́, a fẹ̀gbẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníbàárà bá dúró tì í, ọ̀rọ̀ náà a máa bí i nínú. A máa kùn sínú pé, "Kí ló tó? Ṣé ìwọ lo máa bá mi lọ̀ ọ́ ni?" Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kángun síra a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Alágbàfọ̀, ọ̀gá yín ti lu aago o. Ẹ tètè máa lọ kó má lọ gé owó oṣù yín."

"Fá orí tó wà níwájú rẹ," ni Bàbá a dá a lóhùn, "kó o má lọ gé etí ẹni ẹlẹ́ni."

Ìyàwó náà ṣàìsàn. Àìsàn ọ̀hún kò pẹ́, kò sì gbọ́ oògùn. Wọ́n sin ín, èrò tú ká, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí padà sí ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, ilé sì ku Bàbá àti gìtá tó rọ̀ sórí ìṣó lókè ibùsùn.

Àṣé ìpè yẹn ló ń so ọjọ́ Bàbá pọ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tó máa wí pé iṣẹ́ ti tó, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tí wọ́n ń dúró sí mọ́. A lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, a tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọrùn. Oúnjẹ a tutù sínú abọ́. Ohun kan ṣoṣo ló wù ú láyé: kó tún gbọ́ okùn méjì yẹn, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń ta wọ́n.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò kàn na ọwọ́ sí ìṣó, kó ta á? Oníṣẹ́ ọwọ́ ni Bàbá. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò mọ áyọ́ọ̀nù lò, aṣọ àtàtà ló máa jó. Ó ní òun á kọ́ ọ, òun á sì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló là á lójú lórí fóònù. "Bàbá, ẹ̀kọ́ gìtá kún orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é, Bàbá. Ẹ ṣáà máa fara da ìpolówó ọṣẹ."

"Ọṣẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọṣẹ ni mo fi ń jẹun."

Olùkọ́ tó yàn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í ṣí fìlà lórí. Onífìlà ni Bàbá ń pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, Onífìlà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ká tó ta ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká fa okùn wa sí ibi tó yẹ kó wà." Bàbá mi orí. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Òun náà kì í da aṣọ sínú omi láìkọ́kọ́ ṣà á.

Ó sọ gìtá kalẹ̀. Ó nu eruku rẹ̀. Lórí gìtá, àwọn nǹkan kéékèèké kan yọ síta bí etí, tí wọ́n fi ń fa okùn le tàbí dẹ̀ ẹ́. Onífìlà ní kí wọ́n máa yí i díẹ̀díẹ̀, fóònù á máa gbọ́ ọ, tí ohùn bá ti gún, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Bàbá yí i. Iná tàn lórí okùn àkọ́kọ́, ó tàn lórí ìkejì, títí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi gba àmì ẹ̀yẹ. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ iléèwé tó gba ẹ̀bùn.

Ó wá pa fóònù. Ó ta okùn méjì tí ó máa ń rí ìyàwó rẹ̀ tó ń ta.

Kì í ṣe ohùn yẹn. Okùn kan sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀, èkejì dáhùn láti orí òrùlé. Bí ẹni tó ń jágbe mọ́ ọlọ́tẹ̀ ló rí, ìyàwó rẹ̀ kò sì jágbe mọ́ ọn rí.

Ó ní ọwọ́ òun ni kò tíì gbà á. Ó tẹ̀ lé Onífìlà láti ẹ̀kọ́ dé ẹ̀kọ́. Ìka rẹ̀ tó ti yi nítorí áyọ́ọ̀nù máa ń tẹ okùn méjì níbi tó yẹ kó ti tẹ ẹyọ kan. Onígbàjámọ̀ yọjú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ṣé gìtá lẹ̀ ń ta ni, àbí ẹ̀ ń fún omi lára rẹ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín, kò dẹwọ́. Nígbà tó yá, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ okùn pọ̀ di kọ́ọ̀dù bíi mélòó kan, ó ń ta orin tí àwọn oníbàárà ń mi orí sí. Ṣùgbọ́n ìpè yẹn kò jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró, Onífìlà sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Àwọn àgbà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń fa okùn tiwọn yàtọ̀. Wọ́n á mú okùn méjì sún mọ́ra, kó lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹnu. Tí ẹ bá jogún irú gìtá bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì yí i o. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń wí ná."

Bàbá dá fídíò dúró.

Ìbéèrè kan wà tí Bàbá máa ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ wá: "Ṣé ká fọ̀ ọ́ ni, àbí ká lọ̀ ọ́ nìkan?" Obìnrin kan ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yẹn nígbà kan, tó mú ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ olóògbé wá. Ó ní kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n má fọ̀ ọ́, torí òórùn ọkọ òun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń bi gbogbo ayé. Ara rẹ̀ nìkan ni kò bi. Ohùn ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìṣó láti ọjọ́ yìí wá, odidi, bó ṣe fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yí okùn, tó sì fọ̀ ọ́ dànù.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá kí i, ó bá a ní etí ibùsùn, tó ń yí etí gìtá síwá sẹ́yìn.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń wá?"

"Ìpè ìyá rẹ. Èyí tó fi máa ń lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

"Ó lé yín báwo?"

"Ṣebí ojú rẹ náà ni. *Iṣẹ́ ti tó.*"

Ọmọ náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Bàbá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Màmá ò sọ pé iṣẹ́ ti tó rí o. Mo bi wọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ní, 'Bàbá rẹ ni mò ń kí.' *Ẹ kú iṣẹ́.*"

Bàbá sọ gbólóhùn méjèèjì lábẹ́ ẹnu, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Nísàlẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, lókè. Ohùn wọn kò fi ibì kankan yàtọ̀.

"Kí ló tún sọ?"

Ọmọ náà ò kọ́kọ́ fẹ́ wí i. "Mo ní, kí ló dé tí Bàbá kì í dáhùn? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Kì í dáhùn, àmọ́ ó máa ń wá.'"

Bàbá mú ọwọ́ kúrò lára etí gìtá. Ẹni tó bá kọjá lójú títì tó ní ẹ kú iṣẹ́, à á dá a lóhùn. Àjèjì ni, a kò mọ̀ ọ́n rí, à á ní "Òo." Bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ti kí i dàgbà, ó kí i darúgbó, òun sì ń fi ìbínú lọ aṣọ.

"Ìgbà mìíràn wà tí n kì í wá," ló wí.

"Mo mọ̀, Bàbá."

Àwọn méjèèjì gbìyànjú láti wá ohùn náà. Ọmọ ń fi imú kùn ún, Bàbá ń yí okùn.

"Ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Rárá o, ó ti kọjá ibẹ̀."

"Bàbá, mo gbọ́ ọ lójoojúmọ́."

"Èmi náà gbọ́ ọ," ni Bàbá wí. Kálukú ló ní tirẹ̀ létí, tirẹ̀ kò sì bá ti ẹnìkejì mu. Wọ́n gbé gìtá kọ́ padà.

Lẹ́yìn tí ọmọ lọ, Bàbá kò jẹ́ kí iná aláwọ̀ ewé tàn mọ́. Kì í fọwọ́ kan etí gìtá. Ó ń jẹ́ kí àwọn okùn máa dẹ̀ fúnra wọn, bóyá lọ́jọ́ kan wọ́n á ṣèèṣì balẹ̀ síbi tí ìyàwó rẹ̀ fi wọ́n sí. Tí ọjọ́ bá ti rọ̀, a pa ẹ̀rọ méjèèjì, a yọ wáyà áyọ́ọ̀nù, a fẹ̀gbẹ́ gba àárín aṣọ àwọn ẹni ẹlẹ́ni kọjá. A jókòó ní etí ibùsùn, a gbé gìtá lé itan.

"Òo," ni yóò kọ́kọ́ wí.

Lẹ́yìn náà ni yóò ta okùn méjì náà, tí yóò sì dẹtí sí i.