Àdúrà Tí A Kò Dijú Gbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ mi máa gbéra lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, ìjọ wa ní Ungwan Shanu, lókè ọya, fẹ́ gbàdúrà ìdágbére fún mi. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe eré orí fóònù ló rí àwọn àdììtú tí mo máa ń hun fún ìgbádùn ara mi, tí wọ́n ní kí n wá máa fi ṣiṣẹ́ jẹun lọ́dọ̀ àwọn. Láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì ni mo ti ń dúró de irú ìpè bẹ́ẹ̀. Èmi ni ọmọ tó máa ń tú àgádágodo palẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ìṣòro kan bá wà tí mi ò tíì rí ojútùú sí, ara mi kì í balẹ̀.

Àìfarabalẹ̀ yẹn náà ló sọ mí di ògbufọ̀ àwọn adití. Tẹ́lẹ̀, Morọ́láyọ̀, olùkọ́ kan nínú ìjọ wa, ló máa ń dúró níwájú wọn lọ́jọ́ Àìkú, tí á máa fi ọwọ́ sọ ohun tí Pásítọ̀ Adékọ̀yà bá fi ẹnu sọ. Ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń jókòó sí. Bí Pásítọ̀ bá pe Jésù, ìka àárín Morọ́láyọ̀ á kan àtẹ́lẹwọ́ kan, á tún kan èkejì, níbi tí ìṣó ti wọlé. Mi ò gbọ́ ìwàásù mọ́. Ọwọ́ yẹn ni mò ń wò, mo fẹ́ tú àṣírí rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù Queen ní Badarawa. Aránṣọ ni Queen, adití ni òun náà, òun ló sì ń kọ́ mi ní èdè ọwọ́, tó ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá ṣì í sọ. Nígbà tí Morọ́láyọ̀ tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, Pásítọ̀ wo gbogbo ìjọ, kò rí ẹlòmíràn.

Ó ní, “Tósìn, bá wa di iṣẹ́ yìí mú ná, títí a ó fi rí ẹni gidi.”

Ọdún kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn adití fún mi lórúkọ: wọ́n á họ iwájú orí fẹ́ẹ́rẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe bí mo bá ń ronú. Màmá Dinah, àgbà wọn, tó ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí wọ́n tó bí mi, ló sọ mí lórúkọ náà.

Ní ọjọ́ Sátidé, ìyá mi ń kó kúlíkúlí sínú báàgì mi bí ẹni pé wọn kì í jẹun ní Èkó.

“Màmi, ó tó.”

“Kò tó. Ṣé o ti kó súwẹ́tà?”

“Súwẹ́tà kẹ̀! Èkó ni mò ń lọ, Màmi. Ooru ló wà níbẹ̀.”

“Kó o. Ọ̀gá rẹ lè ní ẹ̀rọ amúlétutù.”

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi. “Àwọn adití ńkọ́?”

Ó gbé ojú sókè. “Haba, Tósìn! Ẹni tó dá wọn kò mọ̀ wọ́n ni? Àbí ìwọ ni Ẹ̀mí Mímọ́?”

Mi ò sọ fún un pé mo ti kúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí mo sọ fún Ọlọ́run pé bí Ó bá fẹ́ kí n dúró, kí ẹnì kan bẹ̀ mí pé kí n má lọ. Ẹnì kan ṣoṣo. Bí kò bá sí, á jẹ́ pé kí n máa lọ. Mo mọ bí mo ṣe hun ún. Nínú ìjọ wa, bí ọ̀dọ́ kan bá ríṣẹ́ ní Èkó, ta ló jẹ́ sọ pé kó má lọ? Ijó ni wọ́n máa ń jó. Àdììtú tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni mo gbé fún Ọlọ́run pé kí Ó tú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo lọ dágbére fún Queen. Ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé, “Oúnjẹ Èkó á mú ẹ sanra. Ìka rẹ á wú, o ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́.” Ó wá mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan jáde tó rán fún mi. “Wọ̀ ọ́ lọ́la. Bí o bá sanra, dá a padà wá, màá tú u.” Mo dúró bóyá á bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò dọ́kàn.

Nígbà tí ìsìn ń lọ sópin ní ọjọ́ Àìkú, Pásítọ̀ pè mí síwájú. Mo kúnlẹ̀.

Ó ní, “Ẹ na ọwọ́ yín sí i. Ẹ dijú. Ẹ gbóhùn sókè, kí ẹ gbàdúrà fún ọmọ wa!”

Ilé ìjọsìn hó gèè. Èmi náà dijú. Láti kíláàsì àwọn ọmọdé ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé ẹni tó bá lajú nígbà àdúrà ń fi Ọlọ́run ṣeré, pàṣán olùkọ́ sì wà nílẹ̀ fún un. Nítorí náà, láti ìgbà tí mo ti di ògbufọ̀, bí Pásítọ̀ bá ti ní, “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” màá tẹrí ba, màá dijú, ọwọ́ mi á sì wálẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe àmín tán, màá gbé e sókè padà. Kò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti béèrè ohun tí àwọn adití ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn.

Nǹkan kan gún mi lọ́rùn. Abẹ́rẹ́ tí Queen gbàgbé sínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ni. Mo fi ọwọ́ kàn án, ojú mi sì là.

Gbogbo ìjọ dijú, ọwọ́ wọn nà sí mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dijú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn adití ti dìde, wọ́n ṣe agbo kékeré, ọwọ́ wọn sì ń sọ̀rọ̀. Wọn kò wo ìhà ọ̀dọ̀ mi rárá. Àdúrà ni wọ́n ń gbà. Màmá Dinah wà láàárín wọn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró, gbogbo wọn á ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni kò sì ṣì í ṣe, ẹnikẹ́ni kò wò yíká. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe jẹ́ kó yé mi pé kì í ṣe ọjọ́ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìjọ kan wà nínú ìjọ wa, ní gbogbo ìgbà tí a bá dijú. Èmi sì ti ń rò pé èmi ni mò ń gbé Ọlọ́run lọ bá wọn.

Màmá Dinah họ iwájú orí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Orúkọ mi nìyẹn.

Ó ní, “Baba, ọmọ yìí kì í ṣe tiwa. O fi yá wa ni. A dá a padà fún Ọ. Ibi tó wù Ọ́ ni kí O gbé e sí. Mi ò gbọ́ ohùn ọkọ mi rí títí ó fi kú. Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ tí mo bí. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ Ọ. O ṣeun.”

Àwọn yòókù ṣe àmín.

Kò bẹ̀ mí pé kí n dúró. Bí mo ṣe hun àdììtú mi, ìdáhùn ti jáde: kí n máa lọ. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì lè gba ìdáhùn tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin yìí ti fi mí lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láìdá ohunkóhun dúró fún ara rẹ̀, èmi fúnra mi kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àní fún ọjọ́ kan. Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà tí mo ti ń tú àdììtú, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdáhùn kan wò mí lójú. Mo fẹ́ wólẹ̀ níwájú rẹ̀, kí n sì dúró ní ibi tí mo ti rí i.

Mo dìde. “Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná. Màmá Dinah ń gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìjọ lajú.”

Ariwo rọlẹ̀. Wọ́n lajú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Màmá Dinah rí i pé gbogbo ènìyàn ń wo òun, ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó bi mí pé, “Kí ni mo ṣe?”

Mo fi ọwọ́ dá a lóhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ tún un gbà. Màá yá yín lóhùn.”

Ó tún un gbà, mo sì ń sọ ọ́ síta. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti ní òun ti gbọ́ Ọlọ́run, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìjọ ṣe àmín, ó bú jáde bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù, àwọn adití sì rí ẹnu gbogbo wa tó ṣí papọ̀ sí àdúrà tiwọn.

Pásítọ̀ nu ojú rẹ̀. “Ó dáa, Tósìn. Jẹ́ ká parí ti ìrìn àjò rẹ.”

“Mi ò lọ mọ́, sà.”

Láti ẹ̀yìn ni ìyá mi ti kígbe, “Yéè! Tósìn, kí lo wí?”

Mo pe Èkó ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní àwọn máa fi ẹlòmíràn sípò mi kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo di fóònù mú títí lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e sílẹ̀. Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó yá ló kó kúlíkúlí jáde nínú báàgì, ó gbé e ka iwájú mi. “Jẹ ẹ́, kó má bàjẹ́.” Ó jókòó tì mí. Ó ní, “Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ pe Jésù?” Mo fi hàn án. Ó fi ìka àárín kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan, ó sì kan èkejì.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Pásítọ̀ ní, “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.” Ìjọ tẹrí ba. Ara mi rántí pàṣán, ìpéǹpéjú mi fẹ́ wálẹ̀. Mo là á sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi sókè, Màmá Dinah sì gbé tirẹ̀ sókè, ó ń dúró dè mí kí a jọ bẹ̀rẹ̀.