Ọmọ Ìlú Tí Kò Lè Wọ̀lú

Ẹnu iṣẹ́ ni oníbúrẹ́dì wà, tó ń po ìyẹ̀fun, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é láti òkè òkun. Àwọn dókítà ti rí kókó kan níkùn ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ láti yọ ọ́ kí oṣù tó parí.

"Má fi mí sílẹ̀ o," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Tí mo bá lajú, ojú rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."

Oníbúrẹ́dì ò tiẹ̀ rò ó. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló ń di irun fún un kó tó lọ sílé ìwé. Ó ti lọ kí i rí, páásípọ́ọ̀tù ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sì fi lọ. Àmọ́ òfin ti yí padà. Ní báyìí, kí àlejò tó wọ bàálù lọ síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìyọ̀ǹda ìwọlé lórí fóònù.

"Kí ló wá le níbẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ wí. Iṣẹ́ iná lọkọ ń ṣe, kò sí ẹ̀rọ tó ń bà á lẹ́rù. "Jókòó, kí n ya fọ́tò rẹ. Nu fùláwà yẹn kúrò nímú ná, kí wọ́n má lọ rò pé iwin ló ń bọ̀."

Ó béèrè tirẹ̀ náà mọ́ ọn, bóyá òun á lè sin ìyàwó lọ. Tíì wọn ò tíì tutù tí ti ọkọ fi dé. Ti ìyàwó ò dé. Ìgbà tó fi máa dé, èsì tó bá a wá kò ṣeé gbọ́: ìlú wa ni wọ́n bí ọ sí, òfin sì kà ọ́ mọ́ ọmọ wa. A kì í fún ọmọ ìlú ní ìyọ̀ǹda àlejò. Páásípọ́ọ̀tù wa ni kí o mú wá.

Irọ́ kọ́. Bàbá wọn kàwé lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló sì wà tí wọ́n fi gbé e padà wálé. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí.

Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú oríire, mà. Ọmọ ìlú wa ni yín."

"Ẹ ṣé. Ẹ wá jẹ́ kí n wọlé."

"Tí ẹ bá ti gba páásípọ́ọ̀tù wa, mà. A máa nílò ìwé ìgbéyàwó àwọn òbí yín, àti ìwé tí bàbá yín fi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kù sí oṣù mélòó kan."

"Bàbá mi ti kú. Mi ò mọ ibi tí ìwé kankan wà. Ẹ kúkú yọ mí kúrò nínú ọmọ yín, kí n lọ bí àlejò."

"Ìyẹn máa ń pẹ́ jùyẹn lọ, mà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ọmọ wa ni yín, kí ẹ tó lè sọ pé ẹ ò ṣe mọ́."

Oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí tí ọ̀dọ́bìnrin náà fi bu omi fún un. Ìgbà tó gbé ife náà sẹ́nu ló tó mọ̀ pé ẹkún lòun ń sun.

Nílé, kò lè jókòó, kò lè dìde. Ó ń ti ẹnu ọ̀nà lọ sí ojú fèrèsé bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára ọkọ.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ máa lọ."

"Èmi kẹ̀?" Ọkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò yọjú síbi ìgbéyàwó wa? Tó ń pè mí ní Wáyà?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n gbà."

Ọkọ lọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, oníbúrẹ́dì jẹ́ kí odidi páànù búrẹ́dì kan jóná sínú ààrò. Nígbà tí ọkọ pè, ó ní ẹ̀gbọ́n ti lajú, pé ó wo òun títí, ó wá ní, "Wáyà, ta ló kú?"

"Ẹ wá ní kí ni?"

"Mo ní kò sẹ́ni tó kú, àbúrò yín ni wọn ò jẹ́ kó wá. Ó yíjú sí ògiri. Nígbà tó yá, ó ní kí n bu omi fóun mu."

Ara ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mókun. Ọkọ ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó sì tún gbogbo iná ilé rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kan, oníbúrẹ́dì pè wọ́n lórí fídíò kí ó lè rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, ọkọ fi fóònù ti nǹkan kan lórí tábìlì. Kò pẹ́, fóònù yọ̀ ṣubú, wọn ò sì mọ̀. Àjà ilé nìkan ni oníbúrẹ́dì ń rí.

Ó ń gbọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n ń sọ bí àbúrò òun ṣe máa ń sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá fẹ́ di irun rẹ̀. "Wáyà, má pa mí lẹ́rìn-ín, ojú abẹ ń dùn mí!" Ọkọ ń rẹ́rìn-ín tìkùntìkùn, irú ẹ̀rín tó ń rín nílé.

Inú oníbúrẹ́dì dùn. Inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó la ẹnu láti pè wọ́n, ó pa á dé. Níta, àwọn oníbàárà ti ń kan fèrèsé pé búrẹ́dì dà. Kò dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá fóònù mú, ó ń wo àjà funfun ilé tí kò lè wọ.