Ọwọ́ Mi Ti Kan Etí

Bírò dúró lórí ìwé bí lékèélékèé tó dúró lórí màlúù: kò fò lọ, kò sọ̀ kalẹ̀.

Orí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni ìwé náà wà, láàárín ṣọ́ọ̀kì àti tépù. O ti kọ tìrẹ sí i: Oyèníran, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ku tèmi. Ọ̀la la óò mú un lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fi so wá pọ̀ ní tọkọtaya. O wà lábẹ́ igi máńgòrò, ò ń to ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ, ò ń súfèé. O rò pé orúkọ nìkan ni mo ń kọ.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti orí àpáta. Ewé ń jábọ́, ọ̀kan, òmíràn, ọ̀kan. Ọ̀kan bà lé èjìká rẹ, o ò mọ̀. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn lò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ti fi tàn mí rí. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ: ewé kan wà ní èjìká rẹ, etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì wù mí kó má bọ́.

Igi yẹn mọ ọjọ́ orí mi. Ọjọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ ni ìyá mi gbìn ín. Ọ̀sẹ̀ yìí ni èmi àti igi pé ọgbọ̀n ọdún. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ mi ló ní méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo jẹ́.

O ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọmọ nígbà náà. Kò sí ìwé ìbí. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí. Bí ìka bá kan etí òsì, ó tó ilé ìwé. Mo lọ lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ọwọ́ mi kúrú, kò kàn án. Mo lọ lọ́mọ ọdún méje, kò kàn án. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó kàn án, tíṣà sì kọ mẹ́fà sílẹ̀, nítorí mẹ́fà ló máa ń kọ fún gbogbo ọwọ́ tó bá ti kan etí. Ìyá mi ò mọ̀wé. Ó dúpẹ́, ó fún un níṣu méjì.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún méjì mi ṣe bọ́ sílẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn. Mi ò wá a. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé. Ara ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo ti kọ́ ìyókù, epo ti bo ìdajì ọ̀rọ̀.

Nígbà tí o bi mí léèrè ọjọ́ orí, ti ìwé ni mo sọ. Inú rẹ dùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè ọ́ ní Bọ̀dá, tí mo ń kúnlẹ̀ kí ọ, tí ò ń fọwọ́ pa mí lórí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin wá rán bùbá. Mo ń wọn àyà rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lókè orí mi, pé obìnrin tó bá ti kan ọgbọ̀n ti di ọbẹ̀ àná, ọpẹ́lọpẹ́ pé àbúrò òun rí ọmọdé fẹ́. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi.

Wọ́n ní bí ọgbọ̀n bá dé, ọgbọ́n á dé. Irọ́ ni. Orúnkún ló kọ́kọ́ ń dún. Àmọ́ láàárọ̀, kí n tó dìde, ara mi máa ń dà bí ilé tí mo ti gbé pẹ́: mo mọ ilẹ̀kùn tó ń dún, mo mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Ilé náà kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ìfé tí ò ń sú yẹn dákẹ́ lábẹ́ igi.

Mo gbé ọwọ́ òsì gba orí. Ó kọjá etí, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fi ọ̀tún kọ ọ́: ọgbọ̀n.

Mo gbé e wá fún ọ. O fi ṣòkòtò nu ọ̀rá ọwọ́, o kà á. Ìfé dákẹ́. Mo sọ ti tíṣà, mo sọ ti ọwọ́ kúkúrú, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Igi dúró lẹ́yìn mi.

Lẹ́yìn náà o gbé ìwé lé ìjókòó kẹ̀kẹ́, o na gbogbo ara sílẹ̀ nínú ewé gbígbẹ, àyà lórí erùpẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ gidi, irú èyí tí à ń ṣe fún àgbà.

Èjìká rẹ ń gbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa kí n tó gbà: ẹ̀rín ni. Ewé yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn yòókù ń jábọ́, ọ̀kan, òmíràn, ọ̀kan. Mo dúró lókè orí rẹ, mo tún gbé ọwọ́ gba orí, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ó kan etí. Ó ti pẹ́ tó ti kàn án.