Yàrá Tí Ọmọdé Kò Gbọdọ̀ Wọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, akọ̀wé ní kóòtù ìdílé, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó tètè sọ ọ́ tán.

Nígbà tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde, ìjọba ní adájọ́ kankan ò gbọdọ̀ pinnu ibi tí ọmọ yóò máa gbé láìgbọ́ tẹnu ọmọ náà. Wọ́n ní kí kóòtù kọ̀ọ̀kan ní yàrá tí ọmọdé á ti lè fọkàn balẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n kun ti kóòtù ẹ̀gbọ́n mi dáadáa, wọ́n ya labalábá sára ilẹ̀kùn, wọ́n kó àga kéékèèké àti bèbí ìṣeré sínú rẹ̀, wọ́n wá fa kọ́kọ́rọ́ lé olùtọ́jú ilé lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàṣìṣe. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ìmọ́tótó ju oúnjẹ lọ; Má-tẹ̀-ẹ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Àràárọ̀ ló ń nu yàrá náà, tó sì ń tì í pa, kó má baà dọ̀tí kí àwọn àlejò ìjọba tó dé. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn bèbí ṣì wà lára wọn. Ọmọdé kankan ò wọ ibẹ̀ rí. Inú gbọ̀ngàn ńlá ni adájọ́ ti ń bi àwọn ọmọ léèrè, wọ́n á sì yadi.

Lọ́jọ́ kan, ó kan ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú; ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, aránṣọ, ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, oníṣòwò pákó tó ń pè ní Dádì Ńlá, fẹ́ mú un lọ sí ìlú rẹ̀ tó jìnnà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ilé rẹ̀ sì tóbi.

"Ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ máa gbé?" Adájọ́ bi í láti orí àga gíga.

Ọmọ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí kò bá rí nǹkan sọ, ọ̀dọ̀ ẹbí bàbá ni n ó ní kó lọ."

Ìyá àgbà káwọ́ lérí. Nígbà náà ni ọmọ rọra fa aṣọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Àǹtí, mo ní ọ̀rọ̀ o. Èèyàn ló pọ̀ jù. Ṣé mi ò lè sọ ọ́ nínú yàrá onílabalábá yẹn?"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún adájọ́, adájọ́ dìde. "Ṣebí tiwọn ni yàrá ọ̀hún!"

Ṣùgbọ́n Má-tẹ̀-ẹ́ dábùú ẹnu ọ̀nà. "Olúwa mi, ilẹ̀ ò tíì gbẹ."

"Yàrá ta ni?"

"Ti àwọn ọmọdé ni, sà."

"Kí ló dúró níwájú rẹ yìí?"

"Ọmọdé ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bàtà rẹ̀!"

"Ṣé o fẹ́ kó fò wọlé bí ẹyẹ ni?" Ìyá àgbà bi í.

Má-tẹ̀-ẹ́ mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹni tó bá máa wọlé, kó bọ́ bàtà. Ẹ̀yin náà, sà, ẹ jọ̀ọ́."

Adájọ́ bọ́ bàtà. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọjú láti inú ìbọ̀sẹ̀ bí ìgbín tó ń yọrí. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Sà, Màmá àgbà lè bá yín rán an!"

Adájọ́ náà rẹ́rìn-ín. Òun, ọmọ àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wọlé. Ó jókòó sórí àga kékeré, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ni ọ̀rọ̀ bá tú jáde lẹ́nu ọmọ.

"Dádì Ńlá fẹ́ràn mi, sà. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò ni wọ́n máa ń wà ṣáá. Màmá àgbà máa ń bá mi sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń ránṣọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ wà. Tí a bá gba ìsinmi, kí n lọ kí Dádì Ńlá."

Adájọ́ padà sí gbọ̀ngàn, ó sì dá ẹjọ́ náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ìyá, mo mà ti ra bẹ́ẹ̀dì fún un o," ni ẹ̀gbọ́n bàbá wí.

"Kó dúró dè é di ìsinmi. Bí bẹ́ẹ̀dì bá ń sunkún, ìwọ lọ sùn lórí ẹ̀," ni ìyá àgbà dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Adájọ́ ní kí wọ́n má ti yàrá náà mọ́. Má-tẹ̀-ẹ́ kùn díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá kúrò lára àwọn bèbí. "Kó kúkú dọ̀tí. Ṣebí èmi náà ni n ó nù ún." Ó sáré bọ́ síta. "Ọmọ dáadáa! Ẹ padà wá ṣeré o!"

"Sí kóòtù?" Ìyá àgbà kígbe. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Má-tẹ̀-ẹ́ ń juwọ́ ṣáá. Ọmọ ti di ọwọ́ ìyá àgbà mú, ó ń rojọ́ fún un, ó ń fò sókè, ó sì jáde lẹ́nu géètì láìwẹ̀yìn.