Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Mi

Lọ́dún tí mo di agbẹ̀bí, wọ́n pín mi sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn òkè, níbi tí mọ́tò kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ wọṣẹ́. Mo bá ra alùpùpù àlòkù kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Mi ò tíì gun máṣìnì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láyé mi, àmọ́ gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé mo ní ọ̀kan. Owó tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ kò tó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ṣáà dùn mọ́ mi pé mẹkáníìkì wà nílé wa: bàbá mi.

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi tún máṣìnì ṣe kí ojú wọn tó fọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti bàbá mi, etí àti ìka ló wà. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí n tẹ́ aṣọ àtijọ́ sílẹ̀, kí n máa to gbogbo ohun tí mo bá tú síbẹ̀ bó ṣe ń jáde.

"Èyí tó jáde kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ṣé o gbọ́, Oníkánjú?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Oníkánjú ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, torí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kódà nídìí oúnjẹ. Wọ́n ní kí n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì kó gbóná díẹ̀ ká tó da ọ́ìlì rẹ̀ nù. Wọ́n ti ìka bọ ọ́ìlì náà, wọ́n fi ra ọwọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Ọ̀lẹ lẹni tó tà á fún ẹ." Púlọ́ọ̀gì ní tirẹ̀ kò tíì kú, ó kàn dọ̀tí ni, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Mo fi kẹrosíìnì wẹ ṣéènì, mo sì fẹ́ fà á le bí okùn aṣọ sísá. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

"Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn kì í sáré."

Ohun méjì péré ni wọ́n ní ká rà: ọ́ìlì tuntun, àti ṣúù búrékì, àwọn awẹ́ méjì tó ń di táyà ẹ̀yìn mú. Ti àtijọ́ ti jẹ tán. Ìyókù, ọṣẹ àti agbára ọwọ́ ni.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń ta páàtì máṣìnì ni mo ti ṣìwà hù. Mo rí awọ àga pupa kan níbẹ̀, etí rẹ̀ ń dán, ó sì wọ̀ mí lójú. Mo fi owó ṣúù rà á. Mo sọ fún ara mi pé tí oṣù bá parí, màá ra ṣúù. Nígbà tí mo délé, Bàbá ti wọlé lọ sinmi. Mo da ọ́ìlì sí i, mo fi sáńpépà ha àwọn awẹ́ àtijọ́, mo sì dè wọ́n padà, mo wá fi awọ pupa náà bo àga tó ti ya.

"Ṣúù ńkọ́?" wọ́n béèrè láti inú yàrá.

"Mo ti fi sí i, Bàbá."

Mo ti gbàgbé òfin ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọmọṣẹ́ tó bá tún máṣìnì ṣe ni yóò gùn ún sọ̀ kalẹ̀ òkè àdúgbò wa, ọ̀gá yóò sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń ní, "Tó bá máa pa wá, kó pa àwa méjèèjì."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Bàbá jáde tàwọn ti fìlà iṣẹ́ wọn lórí. Wọ́n gun ẹ̀yìn máṣìnì, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

"Àga yìí mà rọ̀ o, Oníkánjú. Ó yá, ká lọ."

Mo gbé wa dé orí òkè. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀nà ńlá dábùú, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kọjá. Ọwọ́ wọn dẹ̀ léjìká mi bí ọwọ́ ẹni tó ń tòògbé. Mo pa ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Mi ò ra ṣúù. Awọ àga tí ẹ jókòó lé yìí ni mo fi owó rẹ̀ rà."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n di ẹ̀yìn máṣìnì mú, a sì jọ tì í padà sílé. Mo ń gbàdúrà nínú ọkàn pé kí wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé àwọn kàn ń dán mi wò ni. Lẹ́nu ọ̀nà wa ni mo bi wọ́n.

"Rárá, mi ò mọ̀," wọ́n ní. "O ní o ti ṣe é. Kí ni mo tún fẹ́ wádìí?"

Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ní àárọ̀ Ajé, ìyá oní páàtì gba awọ àga rẹ̀ padà, ó fún mi ní ṣúù, ó sì bú mi lé e. Bàbá dúró tì mí títí mo fi dè é tán. Lẹ́yìn náà wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n jókòó sórí àga tó ti ya, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ọwọ́ náà sì dẹ̀ bíi ti àná. A sọ̀ kalẹ̀ òkè, a dúró nísàlẹ̀, a padà wálé. Mo pẹ́ dé ibiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èébú ni nọ́ọ̀sì àgbà fi kí mi káàbọ̀.

Bàbá mi ti kú báyìí, àárò wọn sì ń sọ mí gan-an. Máṣìnì mẹ́ta ni mo ti lò látìgbà náà, èmi ni mo sì ń tún wọn ṣe. Tí mo bá ti parí, mo máa ń gùn ún dé orí òkè yẹn, màá sì dúró díẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè jókòó dáadáa.