Ìkéde Kẹta

Kíláàsì karùn-ún ni mo wà nígbà tí wọ́n lé mi kúrò nílé-ìwé Kátólíìkì nítorí ohun tí n kò jẹ. Agolo búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí Fadá ń lò fún Mísà ló pòórá. Fadá kò tíì gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí wọ́n má nà mí. Àbúrò mi ló jẹ ẹ́. Mo rí òfìfo agolo náà lábẹ́ ẹní rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé pè mí jáde: "Wọ́n ti sọ fún mi pé ìwọ ni." Ẹgba méjìlá. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Ta ló lè fi mí sùn bí kò ṣe ẹni tó jẹ ẹ́? Láti ọjọ́ náà, ọdún méjìdínlógún, "ẹ káàárọ̀" àti "hùn" ni gbogbo ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò mi.

Ó lo ọdún mẹ́sàn-án ní sẹ́mínárì, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Ìjọ kì í fi ẹnikẹ́ni joyè àlùfáà láìkéde orúkọ rẹ̀ ní Sọ́ńdè mẹ́ta: ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kó dí i lọ́wọ́, kó wá bá Fadá. Ìkéde kìíní, mo dákẹ́. Ìkejì, mo dákẹ́. Mo fẹ́ kí ọbẹ̀ jinná dáadáa kí n tó dà á nù.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìkẹta, àbúrò mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti wọ aṣọ funfun tó máa wọ̀ lọ́jọ́ ìjoyè rẹ̀ wò. Ìyá wa ló ní dandan, èmi ni màá rán an. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ká etí ìgbànú aṣọ náà, èémí wọn ń já lu ara wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní kú láìrí i nídìí pẹpẹ.

"Gbọ́wọ́ sókè." Mo fi tépù yí i láyà. "Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni? Àyà bíi pákó tí a fi ń lọṣọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Aṣọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́la ni màá bá Fadá sọ tìẹ. Olè tó ti ẹrù rẹ̀ sọ́rùn ọmọ ìyá rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tó ń ṣe àlùfáà."

"Wọ́n ti mọ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí ní sẹ́mínárì pé kí ló mú mi fẹ́ ṣe àlùfáà, ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ní mo jalè, ẹ̀gbọ́n mi fínnúfíndọ̀ gbà á sọ́rùn, wọ́n jẹ ẹgba tó tọ́ sí mi. Mo ní mo fẹ́ dà bíi wọn."

"Ta ló fínnúfíndọ̀?" Tépù bọ́ lọ́wọ́ mi. "Mo sunkún títí ohùn mi fi há! Ìwọ lo fi mí sùn!"

"Èmi kẹ̀? Ibà dá mi wólẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Màmá ló sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ lọ jẹ́wọ́. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ bá yín sọ ọ́ láé, pé ó máa dùn yín."

Mo wojú rẹ̀ títí. Irọ́ kò sí níbẹ̀. Àwa méjèèjì yíjú sí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ fún mi lómi mu ná," ni ìyá wa wí.

Kò sẹ́ni tó dìde.

"Fadá ti ní ojú òun wà lára kékeré láti rán an lọ sẹ́mínárì. Ìwọ, olórí kunkun ni ọ́; mo ní kò síbi tí wọ́n jù ọ́ sí tí o ò ní hù. Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ní kùtùkùtù."

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tí mo ti fi píìnì gún káàkiri. Píìnì ń gún un, kò yọ ọ́. "Kí wá ni mo gbé iṣẹ́ àlùfáà lé lórí?"

Ìyá wa kò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò, wọ́n sì gbóhùn sókè débi pé alágbàtà tó ń to ọjà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi dá ọwọ́ dúró:

"Àkọ́bí mi, mo mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ."