Ọkọ̀ Àkànbí Tí Kì Í Pariwo

Kò sí ẹni tó ń gbé Tokpota ní Àjàṣẹ́ nígbà náà tí kò mọ Àkànbí awakọ̀ àti Pijó rẹ̀ aláwọ̀ eérú. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Dàhòmì gba òmìnira ni. Àkànbí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wakọ̀ kiri fún oníṣòwò òyìnbó kan, ó ti jẹ eruku ọ̀nà Sakété àti ti Pobè yó, kí Ọlọ́run tó ṣe é tó fi ra tirẹ̀. Àlòkù ni o, kì í ṣe tuntun. Lọ́wọ́ akọ̀wé kan tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Parakou ló ti rà á. Ṣùgbọ́n àlòkù yìí ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ tuntun kò ní: kì í pariwo. Bó bá ń bọ̀ lójú pópó, àfi bí ológbò tó ń rìn lórí ẹní. Àwọn èrò tó ń gbé lọ sí ẹnubodè Kraké a máa sùn fọnfọn. Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ sùn kọjá ibi tó ń lọ. Nígbà tó jí, kò bínú, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí irú oorun bẹ́ẹ̀ sùn, nílé ara òun pàápàá.

Ìwà ọkọ̀ yìí wọ Àkànbí lára. Bí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ráhùn níbùdókọ̀ pé tàwọn ń kùn, pé tàwọn ń wúkọ́, a kàn máa nu dígí tirẹ̀ ni, a sì sọ pé ọkọ̀ tó bá mọ ọwọ́ olówó rẹ̀ kì í sunkún. Ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bó ti yẹ, ó ń fún táyà ní atẹ́gùn, ó ń bu omi sí i láràárọ̀. Àpótí fìtẹ́ẹ̀sì nìkan ni kò fọwọ́ kàn rí. Abẹ́ ọkọ̀ ni àpótí yẹn wà. Inú rẹ̀ ni àwọn irin eléyín tó ń gbé ọkọ̀ kúrò nínú ìrìn jẹ́jẹ́ bọ́ sínú eré ti ń ki eyín bọ ara wọn lẹ́nu, inú ọ́ìlì ni wọ́n sì ti ń yí, bí èèyàn tó ń wẹ̀ lódò. Nígbà tó ń wakọ̀ fún òyìnbó, àwọn ará gáráàjì ló ń bá a mójú tó ibẹ̀. Nígbà tó wá di tirẹ̀, ó ní ibi tí kò bá dun èèyàn, a kì í tú u wò.

Ojú ọ̀nà Avrankou ni Ògúnlànà ti bá ọkọ̀ náà pàdé. Àgbàlagbà àgbẹ̀ ni Ògúnlànà, ó ní oko ọsàn tó fẹ̀ lẹ́yìn Avrankou, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sókè bíi ti ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ Pijó náà wá sí Àjàṣẹ́, ó sùn. Nígbà tó tún wọ̀ ọ́, ó tún sùn. Lẹ́yìn èyí ló sọ fún Àkànbí pé irú ọkọ̀ tí òun ti ń wá nìyí, pé ọmọ òun ọkùnrin ti gba ìwé ìwakọ̀, kó jọ̀ọ́ kó tà á fún òun. Àkànbí kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára ọkọ̀ akérò ńlá, irú èyí tó lè kó àwọn oníṣòwò Kraké tẹrùtẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ sì wọ̀. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ògúnlànà yóò wá gun ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì gbà á.

Mouïnatou, ìyàwó Àkànbí, ló dá ọ̀rọ̀ ọ́ìlì sílẹ̀. Àkàrà ló ń dín níwájú ilé wọn. Kò mọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ epo tó ti gbó. Ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá ó ti pààrọ̀ gbogbo epo inú ọkọ̀ náà kó tó fà á lé baba àgbà yẹn lọ́wọ́. Àkànbí ń ka gbogbo ohun tó ti ṣe sí i lórí ìka ọwọ́, ó ń fi ọwọ́ sọ̀yà, títí ó fi dé orí àpótí fìtẹ́ẹ̀sì. Ibẹ̀ ló ti ń wú ikọ́.

“Baba Kafayatou,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “ẹni tó fẹ́ fa ọmọ fọ́kọ, ṣé kò ní wẹ̀ ẹ́ ni?”

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí wọ́n ti kírun tán, Àkànbí gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Moustapha.

Mẹkáníìkì ni Moustapha. Abẹ́ igi mángòrò kan lẹ́bàá ọ̀nà Wàǹdó ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti káfíńtà kan ni wọ́n sì jọ ń pín ibòji igi náà. Ó kéré sí Àkànbí lọ́jọ́ orí, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu. Ó ní kí Àkànbí kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà lọ, kó wà á bọ̀, kí ọ́ìlì inú àpótí lè gbóná, nítorí ọ́ìlì tútù kì í fẹ́ kúrò nílé. Nígbà tó gbé e dé, Moustapha wọ abẹ́ ọkọ̀, ó gbé abọ́ sí ìdí àpótí, ó sì tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀.

Ohun tó jáde kò ṣàn. Ṣe ló ń já bọ́ gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ bí ògì tó dì, ó dúdú, ó sì ń rùn bí ìṣáná tó kú. Moustapha ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka méjì pa á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀ níbi tó sùn sí, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta ń gbọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ bẹ̀rẹ̀ wá síbí, ẹ wá wo ohun tí ẹ ń gbé kiri.”

Àkànbí bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ́ìlì tó wà lọ́wọ́ Moustapha, ó rí àwọn ohun tó kúnná bí gaàrí. Ó kọ́kọ́ rò pé iyanrìn ni. Moustapha nawọ́ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà tó ń rẹ́ pákó nítòsí, ó ní kó wo ohun tó ń jábọ́ lẹ́nu ayùn ọkùnrin yẹn. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n rọ́ kún inú àpótí náà. Ó ṣàlàyé fún un pé eyín àwọn irin inú rẹ̀ ti jẹ, wọn ò pàdé ara wọn dáadáa mọ́. Bí irú rẹ̀ bá sì ń yí nínú ọ́ìlì lásán, yóò máa ké. Ẹni tó bá fẹ́ ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kí olùrà fura ló ń ṣe báyìí. Lẹ́búlẹ́bú náà á mu ọ́ìlì, á há sáàárín eyín àwọn irin, á sì di wọ́n lẹ́nu. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ tí gbogbo Tokpota ń yìn, ìdákẹ́jẹ́ ẹni tí wọ́n fi àkísà dí lẹ́nu ni.

Àkànbí dìde dúró. Akọ̀wé yẹn ló wá sí i lọ́kàn, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ àti aṣọ funfun rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ṣàdúrà fún un pé ohun rere ni ọkọ̀ náà yóò máa gbé wá sílé rẹ̀. Àkànbí ti ṣe àmín, tọkàntọkàn.

Moustapha dáwọ́ ẹ̀rín dúró nígbà tó rí ojú rẹ̀. Ó da epo àtùpà sínú àpótí náà, ó yí irin inú rẹ̀ títí, ó dà á nù, ó tún da òmíràn sí i, títí ohun tó ń jáde fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i, ó mọ́ bí oyin, wọ́n dà á títí tó fi dé ẹnu ihò ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì dé e. Àkànbí wọlé, ó tan ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ náà ké. Kò dún bí ohun tó bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò dún bí ohun tó dára. Ó ń hu lọ gbọọrọ bí ìyá tó ń pe ọmọ tó sá kúrò nílé. Bí Àkànbí ti ń gun fìtẹ́ẹ̀sì lọ ni ohùn náà ń gòkè sí i. Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀.

Nígbà tí Àkànbí padà dé, ó sọ fún Moustapha pé lọ́la ni òun fẹ́ fà á lé baba kan lọ́wọ́, pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ gan-an ni baba náà rí tó fi fẹ́ rà á. Moustapha họ orí. Ó ní òun ò ní kó ṣe é, òun ò sì ní kó má ṣe é, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú pákó kò wọ́n níbí. Ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Àkànbí lọ. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó lọ sí ibi òkìtì káfíńtà, ó bu lẹ́búlẹ́bú pákó sínú fìlà náà, ó sì gbé e bọ̀ lábẹ́ mángòrò. Ó jókòó lórí gbòǹgbò igi, ó gbé fìlà lé itan. Ó ń ro bí ọ̀la yóò ti rí. Ògúnlànà á wọlé, á sùn, á jí, á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Òun náà á mú kọ́kọ́rọ́, á fi lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ẹni tó bá ta nǹkan ńlá fún èèyàn gbọ́dọ̀ ṣàdúrà fún un. Baba àgbà yẹn yóò sì ṣí orí, yóò dúró de àdúrà. Àkànbí gbìyànjú láti mọ ohun tí òun yóò sọ. Ó yí gbólóhùn náà lẹ́nu síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò wí síta, síbẹ̀ ìtìjú mú un lójú ara rẹ̀.

Ó dojú fìlà délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Moustapha, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ olóhùn gbọọrọ lọ sílé.

Gbogbo Tokpota ló yọjú. Mouïnatou gbé ṣíbí àkàrà dání, ó ń wo ọkọ̀ náà títí tó fi dúró. Nígbà tí Àkànbí ròyìn tán fún un, kò bá a wí, kò sì yìn ín. Ó fi ewé di àkàrà gbígbóná fún un, ó ní ó dáa bí èyí ṣe kọ́kọ́ ké sí òun létí kó tó ké sí ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, Ògúnlànà dé pẹ̀lú agbádá, inú rẹ̀ ń dùn. Àkànbí ní kí baba jókòó níwájú, ó sì forí lé ọ̀nà Avrankou. Wọn ò tíì kọjá Wàǹdó tí Ògúnlànà fi ń wo ẹ̀yìn, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó sì wá bi í pé kí ló ń ké. Ohùn rẹ̀ tó máa ń lọ sókè tẹ́lẹ̀, ó ní láti tún gbé e sókè sí i.

Àkànbí yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa ọkọ̀.

“Bàbá,” ó ní, “ọkọ̀ tó ń gbé yín sùn tẹ́lẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n rọ́ sí i nínú kí n tó rà á. Èmi náà ò mọ̀, àná ni mo rí i. Mo ti dà á nù. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí ni ohùn rẹ̀ gan-an.”

Ògúnlànà bèèrè bóyá ọkọ̀ náà lè dá èèyàn dúró lọ́nà. Àkànbí sọ fún un bí Moustapha ti wí, pé bí wọ́n bá ń fún un ní ọ́ìlì tó mọ́ lásìkò, irin náà ṣì lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ní láti wá àpótí mìíràn fún un. Baba àgbà sọ̀kalẹ̀, ó rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó gbá ìdí rẹ̀ bí ẹni tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ màlúù, ó sì padà wá jókòó.

“Mi ò rà á mọ́,” ó ní. “Etí mi ti dàgbà.”

Àkànbí ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, síbẹ̀ ó dùn ún. Ọkọ̀ akérò ńlá tó ti ń wà nínú ọkàn rẹ̀ ń lọ sókèèrè díẹ̀díẹ̀. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ láti yí ọkọ̀ padà sí Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n Ògúnlànà dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní òun kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ní awakọ̀ méjì ló ti bá òun kó ọsàn lọ sọ́jà rí: ọ̀kan ń sọ pé ó jábọ́ lọ́nà, èkejì ń sọ pé ó jẹrà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wọn ń sanra.

“Ìwọ tí o sọ ohun tó wà níbi tí ojú mi kò lè dé fún mi,” ni baba àgbà wí, “ìwọ ni kí o máa kó ọsàn mi. Àfi pé bí mo bá bá ọ lọ, mi ò ní sùn mọ́.”

Àkànbí rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó rín in. Ó ní òun gbà.

Báyìí ni Pijó aláwọ̀ eérú ṣe di ọkọ̀ ọlọ́sàn. Kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tó fẹ́ràn oorun sá kúrò lẹ́yìn rẹ̀, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bi í níbùdókọ̀ pé ta ló na ọkọ̀ rẹ̀. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń fara dà á. Ó kọ́ bí wọ́n ti ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ Moustapha, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú bọ́ọ̀tì náà nígbà tó bá yẹ, ó ń gbóòórùn ọ́ìlì, ó ń fi ìka pa á bóyá irin wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà Avrankou wá rí i pé ọkọ̀ yìí kò tilẹ̀ nílò fèrè. Adizatou aláta, tó máa ń pẹ́ nílé jù láàárín wọn, ní bí òun bá ti gbọ́ igbe rẹ̀ lókèèrè, òun ṣì ráyè di ẹrù òun kó tó dé.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti oko, tí òórùn ọsàn kún inú ọkọ̀, Ògúnlànà jókòó níwájú, ó ń bó ọsàn kan fún Àkànbí. Ọ̀nà tẹ́jú lẹ́yìn Avrankou, Àkànbí sì gun fìtẹ́ẹ̀sì kẹta, ibẹ̀ ni ohùn ọkọ̀ náà máa ń gbé gòkè jù lọ. Baba àgbà dáwọ́ ọ̀bẹ dúró. Ó fetí sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn díẹ̀díẹ̀ láti wá ojú ohùn náà, nígbà tó rí i, ó la ẹnu, ó sì gbé orin oko kan lé e lórí, orin tí wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè. Ohùn rẹ̀ àti ti ọkọ̀ bá ara wọn mu gẹ́lẹ́. Ẹ̀rín pa Àkànbí débi pé ó ní láti dẹ eré, bó sì ti dẹ eré ni ohùn ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, Ògúnlànà náà sì ń bá a sọ̀kalẹ̀, ó ń bínú pé kí ló dé tó fi ba orin òun jẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ jàre.

Ó tẹ̀ ẹ́.